Máàpù Àtijọ́ àti Bí A Ṣe Wá Ń Wọn Ilẹ̀ ní Tòótọ́

Ìbéèrè: Kọ àròkọ alálàyé lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀ ní ayé àtijọ́, kí o sì sọ bí iṣẹ́ náà ṣe yí padà.

Nínú irú àròkọ báyìí, iṣẹ́ olùdáhùn ni láti di ẹni tí kò mọ nǹkan náà lọ́wọ́ mú, kí ó sì mú un dé ibi tí yóò ti mọ̀ ọ́n. Má ṣe kó orúkọ àti ọdún jọ bí ẹni tí ó ń ṣa igi ìdáná. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú rẹ mọ̀. Ìdí nìyí tí èmi fi bẹ̀rẹ̀ àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀lé e yìí láti etí òkun Ìlàjẹ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ kan lórí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, máàpù kan ṣoṣo ni a ní. Máàpù Áfíríkà ńlá kan ni, a fi ìṣó kàn án mọ́ ara pákó, eku sì ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kan mo ní kí ọmọ kan jáde wá fi ọ̀pá tọ́ka sí ìlú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí Èkó, ó rí Bìní, ṣùgbọ́n láàárín àwọn méjèèjì kò rí ohunkóhun ju ìlà dúdú kan tí ó lọ gbọọrọ lọ. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé a kò sí láyé ni?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ta ni ó fa ìlà yẹn? Kí ni ó dé tí kò kọ nǹkan kan sí i?

Máàpù ni àwòrán ilẹ̀ àti omi gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ tí ó ń fò lókè yóò ṣe rí wọn, tí a dín kù kí ó lè gba ojú ìwé. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò rẹ̀. Apẹja Ìlàjẹ tí ó bá ti Ayétòrò wọ ọkọ̀ lóru kò nílò bébà kankan lọ́wọ́. Àwọ̀ omi, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà fẹ́, ìràwọ̀ àti ìró ìgbì ni ó ń fi mọ ibi tí ó wà. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ, bàbá bàbá rẹ̀ ni ó sì kọ́ bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò tí ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja àti iyọ̀ lọ sí òkè kò ṣìnà láàárín àìmọye omi kéékèèké tí ó gba inú igbó kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú orí ènìyàn kan kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ìlú òkèèrè. Àjèjì tí ó fẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, tí kò ní ìyá tàbí bàbá níbẹ̀ tí yóò kọ́ ọ, òun gan-an ni ó nílò àwòrán. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ àwọn àjèjì ni ó kọ́kọ́ ya etí òkun wa sórí ìwé, ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà wa máa ń sọ nípa ojú àlejò: bí ó ti wù kí ó tóbi tó, kì í fi ríran.

Àwọn Potogí ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Láàárín nǹkan bí 1470 sí 1490 ni ọkọ̀ wọn ń tọ etí òkun yìí lọ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ gbogbo ẹnu odò tí wọ́n bá rí ní orúkọ. Nítorí ọ̀sà tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe pe ibì kan ní Lagos, orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe Èkó títí di òní. Odò Bìní ni wọ́n pè ní Rio Formoso, ìyẹn ni odò tí ó rẹwà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Escravos, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrú, àti Forcados. Kò sí ará Ìlàjẹ tí kò tíì gbọ́ orúkọ Escravos àti Forcados, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì sínú ọkọ̀ òkun lónìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ̀ pé orúkọ tí ó wà lórí máàpù láti ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni. Ọ̀gágun ojú omi kan tí ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ìwé kan ní nǹkan bí 1505 sí 1508, ó sì sọ níbẹ̀ nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ìjẹ̀bú ni ó ń sọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Láti Èkó títí dé Odò Bìní, ọ̀nà tí ó jìn tó nǹkan bí 200 kìlómítà, àwọn atukọ̀ wọ̀nyí kò rí ẹnu odò kan tí ọkọ̀ ńlá lè wọ̀. Etí òkun Ìlàjẹ, tí ó gùn tó nǹkan bí 80 kìlómítà, kì í ṣe iyanrìn funfun bí ti Èkó. Ẹrọ̀fọ̀ ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ pẹlẹbẹ débi pé ẹni tí ó wà lójú òkun kì í rí òkè kankan tí yóò fi ṣe àmì. Ọkọ̀ tí kò bá rí ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí yóò máa bá tirẹ̀ lọ, ẹni tí kò sì gúnlẹ̀ kò lè béèrè orúkọ ìlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìlà dúdú tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi rí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe máàpù náà fúnra rẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe rẹ̀ ti wá. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti rí ìdajì iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe máàpù ní ilẹ̀ Yúróòpù láàárín nǹkan bí 1550 sí 1800. Igbá ni afíngbá ń fín. Bàbà pẹlẹbẹ ni àwọn wọ̀nyẹn ń fín. Oníṣẹ́ yóò kọ́kọ́ dán ojú bàbà náà títí yóò fi máa kọ mọ̀nà bí dígí. Yóò wá mú irin ṣóńṣó kan, yóò sì máa fi í gbẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sínú bàbà: ìlà etí òkun, ìlà odò, ìlà òkè. Gbogbo rẹ̀ ni yóò gbẹ́ ní ìdàkejì, kí ọ̀tún lè di òsì, kí òsì sì di ọ̀tún, bí ènìyàn ṣe máa ń rí ara rẹ̀ nínú dígí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pàápàá, ẹ̀yìn ni yóò ti kọ ọ́ wá. Bí irin bá yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, abùkù dé nìyẹn.

Nígbà tí ó bá fín in tán, wọn yóò fi tàdáwà tí ó ki kùn ún, wọn yóò sì fi aṣọ nu ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Tàdáwà tí ó wà lójú bàbà yóò kúrò, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọ inú àwọn ìlà tí a gbẹ́ kò ní kúrò. Wọn yóò wá tẹ́ bébà tútù lé e, wọn yóò sì kì í sáàárín igi rìbìtì méjì tí ń yí, kí wọ́n fún un pa pọ̀ tagbáratagbára. Bébà náà yóò fa tàdáwà jáde láti inú ìlà. Wọn yóò sá a títí yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà ni àwọn tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ ọ̀dà kíkùn yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ yẹ́lò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣe pé a fi ọwọ́ kan irú máàpù bẹ́ẹ̀ lónìí, a ó rí i pé àwọn ìlà náà ga díẹ̀ lójú ìwé, a ó sì rí àmì etí bàbà tí ó rì sínú bébà yíká. Àmì yìí ni àwọn tí ń ra ohun àtijọ́ fi máa ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tẹ̀ lánàá.

Bàbà wọ́n. Iṣẹ́ fífín sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, bí ọkùnrin kan bá ti ní bàbà tí a ti fín, ogún ìdílé ni. Ọmọ yóò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, opó yóò tà á fún oníṣòwò mìíràn, ẹni tí ó rà á yóò fi òòlù lu orúkọ ẹni àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn kí ojú ibẹ̀ lè padà dọ́gba, yóò sì fín orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Bí ó ti wà ni yóò ṣe wà. Ẹ rí i pé máàpù tí a kọ 1700 sí lára lè jẹ́ ìmọ̀ ọdún 1600 ni ó wà nínú rẹ̀. Àti pé ẹni tí kò lówó láti ra bàbà àtijọ́ lè ra ẹyọ kan nínú máàpù náà ní ọjà, kí ó sì dà á kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ìwé ẹnìkejì nínú gbọ̀ngàn ìdánwò mọ ohun tí mò ń sọ: àṣìṣe ẹni tí ẹ wò ni yóò tú yín fó.

Ìlú Antwerp ni Abraham Ortelius ti tẹ ìwé máàpù rẹ̀ jáde ní 1570, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ìwé máàpù àkọ́kọ́ tí gbogbo ojú ìwé rẹ̀ bá ara mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlú Amsterdam gba iṣẹ́ náà, tí Willem Blaeu àti ọmọ rẹ̀ Joan sì di ọ̀gá nínú rẹ̀. Máàpù Áfíríkà tí Blaeu ṣe ní nǹkan bí 1617 dùn ún wò púpọ̀. Àwòrán àwọn ìlú ńlá wà lókè rẹ̀, àwòrán àwọn ènìyàn nínú aṣọ ilẹ̀ wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọkọ̀ àti ẹja abàmì kún inú òkun, erin, kìnnìún àti ògòǹgò sì kún àárín ilẹ̀. Èmi kò rò pé a ti í ya ohun tí ó lẹ́wà ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú máàpù. Ṣùgbọ́n kí ni erin náà ń wá níbẹ̀? Ó wà níbẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó yà á kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Bí ojú ìwé bá ṣófo, oníbàárà yóò rò pé oníṣẹ́ kò mọ iṣẹ́. Bí erin bá wà níbẹ̀, yóò sanwó. Ní 1733 òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Jonathan Swift ti fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ gidigidi nínú ewì rẹ̀ kan.

Olfert Dapper pẹ̀lú, ará Amsterdam, tẹ ìwé ńlá jáde nípa Áfíríkà ní 1668, pẹ̀lú máàpù àti àwòrán. Ohun tí ó kọ nípa Bìní wúlò fún àwọn òpìtàn títí di òní. Ọkùnrin náà kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Inú ilé rẹ̀ ni ó jókòó sí, tí ó ń ka ìwé àwọn tí wọ́n lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà àwọn máàpù wọ̀nyí mú yín gbàgbé àwọn tí ń rà wọ́n. Oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọjà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì ń wá rà ní etí òkun wa ni ènìyàn. Ibi tí omi ti jìn tó, ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí, ibi tí a ti lè rí omi mímu, gbogbo èyí tí a fín sínú bàbà ni ó mú kí ó rọrùn fún ọkọ̀ ẹrú láti wá, kí ó sì padà. Orúkọ náà Escravos kò jẹ́ kí a purọ́ nípa rẹ̀.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àdàkọ gbé láti ìran dé ìran, méjì ni kò gbọdọ̀ fo akẹ́kọ̀ọ́ ru. Èkíní ni ti Odò Ọya. Leo Africanus, ẹni tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1550, sọ pé ìwọ̀ oòrùn ni odò náà ń ṣàn sí. Àwọn afínbàbà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, wọ́n sì fa Ọya lọ já sínú òkun ní ẹ̀bá Senegal. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ó lé tí odò wa fi ń ṣàn sẹ́yìn lórí bébà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Núpé àti Ìjọ̀ tí ń fi ojoojúmọ́ wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Ní 1796 ni Mungo Park fi ojú ara rẹ̀ rí i ní Segu pé ìlà oòrùn ni ó ń ṣàn sí, ní 1830 sì ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John wa ọkọ̀ láti Bussa títí wọ́n fi já sí òkun.

Èkejì yani lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé ìrìnàjò Park jáde ní 1799, ọ̀mọ̀wé James Rennell ni ó bá a ya máàpù inú rẹ̀. Rennell kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ògbóǹtarìgì awọnlẹ̀ ni, òun ni ó wọn ilẹ̀ Bengal ní Íńdíà. Síbẹ̀ ó ya òkè gígùn kan tí ó gba ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kọjá, ó sì pè é ní Òkè Kong. Nítorí pé orúkọ rẹ̀ tóbi, gbogbo ènìyàn dà á kọ. Ó tó nǹkan bí 90 ọdún tí òkè náà fi dúró lórí máàpù lẹ́yìn òde wa níhìn-ín, àwọn kan tilẹ̀ kun yìnyín funfun sí i lórí. Ọkùnrin Faransé kan, Louis-Gustave Binger, ni ó fi ẹsẹ̀ rin ibẹ̀ láàárín 1887 sí 1889, ó dé ìlú Kong, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sì rí òkè ńlá kankan.

Báwo ni nǹkan ṣe wá yí padà? Ní ti èmi, ọjọ́ tí ẹnì kan ní ìgboyà láti fi ojú ìwé sílẹ̀ ní òfìfo ni mo gbà pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Guillaume Delisle ti Paris ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nínú máàpù rẹ̀ ti 1700, ṣùgbọ́n Jean-Baptiste d'Anville ni ó ṣe é láìbìkítà. Nínú máàpù Áfíríkà tí ó gbé jáde ní 1749, ó pa erin rẹ́, ó pa kìnnìún rẹ́, ó pa àwọn ìlú tí kò sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí wọn rẹ́. Àárín Áfíríkà di funfun báláú. Àwọn kan rò pé ìmọ̀ rẹ̀ kéré. Òdìkejì rẹ̀ ni: òun nìkan ni ó mọ ohun tí kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pípa nǹkan rẹ́ nìkan ni. A ní láti mọ bí a ṣe ń fi nǹkan sí ipò rẹ̀. Ìlà méjì ni a fi ń mọ ipò ibikíbi lórí ilẹ̀ ayé: ìlà ìbú, tí ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn sí àárín ayé sí àríwá tàbí sí gúúsù, àti ìlà òòró, tí ń sọ bí ó ṣe jìn sí ìlà oòrùn tàbí sí ìwọ̀ oòrùn. Ìlà ìbú rọrùn. Ẹni tí ó bá wọn gíga oòrùn ní ọ̀sán gangan yóò rí i, àwọn Potogí sì ti mọ̀ ọ́n. Ìlà òòró ni ó dá gbogbo ayé lágara.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Yíyí kan jẹ́ dìgírì 360. Bí a bá fi 24 pín 360, a ó rí dìgírì 15 fún wákàtí kan, ìyẹn ni dìgírì kan fún ìṣẹ́jú 4. Nítorí náà, bí o bá mọ agogo tí ó lù ní ibì kan tí a ti mọ̀, tí o sì mọ ìgbà tí oòrùn wà ní àtàrí níbi tí o wà, ìyàtọ̀ àkókò méjèèjì ni yóò sọ ibi tí o wà fún ọ. Ìgbókòdá wà ní nǹkan bí dìgírì 4.8 sí ìlà oòrùn Greenwich. Ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀: oòrùn yóò dé àtàrí ní Ìgbókòdá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 kí ó tó dé àtàrí ní Greenwich. (Agogo wa ní Nàìjíríà lónìí fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé agogo méjìlá gangan ni oòrùn ń dé àtàrí wa. Ó tó nǹkan bí agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 41.)

Gbogbo rẹ̀ dá lórí agogo tí kò ní ṣìṣe. Agogo ayé ìgbà náà kò lè ṣiṣẹ́ lórí òkun: ìgbì ń gbọ̀n ọ́n, ooru ń mú irin inú rẹ̀ fẹ̀, òtútù sì ń mú un sunkì. Ní 1714 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí £20,000 fún ẹni tí ó bá rí ojútùú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá gbójú sókè wo òṣùpá àti ìràwọ̀. Káfíńtà kan, John Harrison, ni ó rí i. Ní 1759 ó parí agogo kẹrin rẹ̀, tí kò tóbi ju àwo kékeré lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Jamaica láàárín 1761 sí 1762, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré ni ó fi rẹ̀yìn nígbà tí ó dé ibẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fìyà jẹ ọkùnrin náà pẹ́ kí wọ́n tó fún un lówó rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà tí agogo ti wà ni àwọn ọkọ̀ tí kò rù ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tí ó jẹ́ pé wíwọn òkun nìkan ni iṣẹ́ wọn. Láàárín 1821 sí 1826 ni ọ̀gágun W. F. Owen wọn etí òkun Áfíríkà pẹ̀lú ọkọ̀ Leven àti Barracouta. Ibà pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1846 ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Avon, tí Henry Denham jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣiṣẹ́ níwájú etí òkun tiwa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọn yóò so òjé mọ́ okùn tí a ti sàmì sí, wọn yóò fi ọ̀rá sí ìdí òjé náà, wọn yóò sì jù ú sómi. Àmì okùn ń sọ bí omi ṣe jìn tó, ohun tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rá sì ń sọ bóyá iyanrìn ni ìsàlẹ̀ tàbí ẹrọ̀fọ̀. Àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ òkun níwájú wa tí ó ń jẹ́ orúkọ Avon títí di òní, òmíràn sì ń jẹ́ orúkọ Mahin. Àwọn apẹja ti mọ̀ tipẹ́ pé ibẹ̀ jìn; wọn kò kàn ní okùn tí ó gùn tó ni.

Ní orí ilẹ̀, igun mẹ́ta ni a fi ń wọn ohun tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Ká ní o fẹ́ mọ bí igi àgbọn kan ṣe jìn sí ọ ní òdìkejì ọ̀sà. Wọn mítà 100 lórí bèbè tí o wà. Dúró ní ìdí kìíní kí igi náà wà ní ọ̀kánkán rẹ, kí igun ibẹ̀ jẹ́ dìgírì 90. Lọ sí ìdí kejì, kí o wọn igun tí ó wà láàárín bèbè àti igi náà. Bí ó bá jẹ́ dìgírì 45, omi náà fẹ̀ ní mítà 100 gangan, ẹsẹ̀ rẹ kò sì tutù. Bí a bá so irú igun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ra láti orí òkè kan sí òmíràn, a lè wọn odindi orílẹ̀-èdè, bí ìdílé Cassini ṣe wọn ilẹ̀ Faransé láti bàbá dé ọmọ ọmọ. Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí òkè, tí igbó sì dí ojú, bí ti Ìlàjẹ, ẹ̀wọ̀n irin ni àwọn awọnlẹ̀ ń fà kiri nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ̀wọ̀n kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66. Iṣẹ́ àṣekára ni.

Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún wa? Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa sé ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò. John Glover, gómìnà tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, jẹ́ awọnlẹ̀ ojú omi kí ó tó di gómìnà, òun fúnra rẹ̀ ni ó wọn ọ̀sà Èkó. Ó mọ̀ pé ọ̀nà omi kan wà tí ó gba ìlà oòrùn lọ sí Atijere àti Ayésàn, láti ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ń gbà dé Oǹdó. Ní 1872 ó rán Roger Goldsworthy láti lọ ṣí ọ̀nà yìí. Ibi tí ó jẹ́ ìlà dúdú tẹ́lẹ̀ di ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn fẹ́.

Ohun tí gbogbo ènìyàn bá fẹ́ kì í pẹ́ di ìjà. Ní oṣù kìíní 1885, nígbà tí àwọn ìjọba Yúróòpù wà ní Berlin tí wọ́n ń pín Áfíríkà lórí máàpù, aṣojú G. L. Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg, bá Amapetu Mahin ṣe àdéhùn lórí etí òkun rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ó dà bí ẹni pé Jámánì ni yóò ni wá. Gẹ̀ẹ́sì fárí gá, kí ọdún náà sì tó parí Jámánì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi máa ń ya ẹnu sílẹ̀ bí mo bá sọ fún wọn pé díẹ̀ ni ó kù kí a máa fi èdè Jámánì ṣe ìdánwò.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí yanjú ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ìjọba Èkó rán an lọ sí Plymouth ní 1890, ó padà dé ní 1893, ó sì ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ fún ìjọba títí ó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń ya ilẹ̀ mọ bí a ṣe ń gba ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa, Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjánì Olúwa lọ sí London ní 1920. Ní 1921 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso dá Olúwa láre pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìyókù kò ní gbà wá lákòókò. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1908 ní Èkó. Ọkọ̀ òfurufú wá ń ya fọ́tò ilẹ̀ láti òkè, èyí tí ó jẹ́ ìtura ńlá fún àwọn tí ń fa ẹ̀wọ̀n nínú ẹrọ̀fọ̀. Sátẹ́láìtì dé lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 2003 ni wọ́n fi ti Nàìjíríà àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, ránṣẹ́ sí òfurufú. Lónìí, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ apẹja lè sọ ìlà ìbú àti ìlà òòró rẹ̀ fún un kí ó tó ju àwọ̀n.

Ṣùgbọ́n òkun kì í dúró de afínbàbà, kò sì dúró de sátẹ́láìtì. Wọ́n dá Ayétòrò sílẹ̀ ní 1947 lórí ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ìgbì. Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, tí ó ti gbé ilé, òpópónà àti ibojì lọ, tí àwọn ènìyàn sì ń tú pákó ilé wọn kí wọ́n tún un kàn sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìntì, mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ pàdé níbẹ̀, ó ti di bàbá ọlọ́mọ. Ó fi máàpù inú fóònù rẹ̀ hàn mí. Àmì aláwọ̀ búlúù tí ń sọ ibi tí a wà fi hàn pé orí ilẹ̀ ni a dúró sí, láàárín ilé méjì. Inú ọkọ̀ ni a wà, omi sì jìn lábẹ́ wa. Ó ní, "Tíṣà, ẹ rí i, a ti wà lórí máàpù báyìí." Ó mú àjẹ̀ rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ náà lọ síbi tí èbúté tuntun wà.